Alápatà Tó Ń Fi Olú Jẹun

Gbogbo àdúgbò ló mọ alápatà yìí, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò ju ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ. Ẹran-ló-kù ni tàgbà tèwe ń pè é. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ìbáà ṣe ìrẹsì, ìbáà ṣe ẹ̀wà, ìbáà ṣe búrẹ́dì lásán, á kọ́kọ́ wo inú àwo, á wo ojú ẹni tó gbé e wá, á wá ní, "Ó dáa, ẹran ló kù?" Ìgbà tí ẹran bá dé ni oúnjẹ tó dé.

Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní igun òpópónà, ó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ìtì igi ńlá kan ló fi ń gé ẹran, àáké sì ti jẹ àárín igi náà títí ó fi jìn bí abọ́. Àwọn ìkọ́ irin tò lọ sókè orí rẹ̀, itan níhìn-ín, ìhà lọ́hùn-ún. Ó ní fáànù kékeré kan tó fi okùn rọ́bà dì mọ́ òpó, òun ló fi ń lé eṣinṣin. Bí ọ̀sán bá pọ́n, á fi àáké lélẹ̀, á fọwọ́, á gun àga gíga kan níwájú ìsọ̀ níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i, á sì ṣí abọ́ oúnjẹ rẹ̀: ẹdọ̀ díndín, kíndìnrín, ahọ́n, àti ẹran itan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Bó ṣe ń jẹ ni oníbàárà ń wọlé. Kò ní pátákó ìpolówó kankan ju ètè rẹ̀ tí ọ̀rá mú dán lọ.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Bí ó bá bu ẹ̀fọ́ sí abọ́ rẹ̀, alápatà á fi ṣíbí tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá wọn," á ní, "ewúrẹ́ ti bá mi jẹ ẹ̀fọ́. Èmi ń bọ̀ wá jẹ ewúrẹ́. Kí la tún ń wá?"

"Bàbá wọn, ọ̀nà ọ̀fun lọ̀nà ọ̀run o."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, fi ẹran sí i. Ẹnìkan kì í fi ebi rìnrìn àjò."

Bí wọ́n ṣe ń ṣeré náà lọ nìyẹn, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí bàbá jí, tó fẹ́ wọ bàtà rọ́bà tó fi ń ṣiṣẹ́. Ó ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀ ọ́, kò sí nǹkan. Ó ní kí òun ti tòsì bọ̀ ọ́, ló bá figbe ta. Igbe náà kì í ṣe igbe àgbà rárá. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́, ó sáré wọlé. Wọ́n jọ wo ẹsẹ̀ náà. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti wú, ó pọ́n bíi tòmátì, ó ń dán, ó sì gbóná bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú omi híhó.

"Kòkòrò ló bù mí jẹ," ó ní.

"Kòkòrò wo?"

"Tí kì í bá ṣe kòkòrò, bàtà ló fún. Tí kì í bá ṣe bàtà, ẹni tí mo fi eegun kún ẹran rẹ̀ lánàá ló ṣépè fún mi."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni eṣinṣin kan rọra fò wá, ó bà lé orí àtàǹpàkò. Alápatà tó ti ń lé eṣinṣin láti ọdún gbọọrọ fi ọwọ́ méjèèjì di bẹ́ẹ̀dì mú. "Ẹ lé e! Ìyá wọn, lé e! Orí ẹ̀mí mi ló bà lé yẹn!"

Alápatà ò lè rìn, mọ́tò ò sì lè wọ òpópónà, torí àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe ti gbẹ́ ojú pópó káàkiri. Onígbàjámọ̀ ló gba wọ́n sílẹ̀. Ó lọ gbé bárò tí alápatà fi ń kó ẹran, ó fomi ṣàn án, ó tẹ́ aṣọ sí i, wọ́n gbé ọ̀gá lé e, ẹsẹ̀ òsì wà lókè bí ọ̀pá àsíá. Wọ́n ń tì í lọ sí ilé ìwòsàn ni ìyá àgbà kan tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa dá wọn dúró.

"Ẹran wo lẹ gbé yìí? Èló ni kílò kan?"

"Ẹ má rà á, Ìyá," onígbàjámọ̀ dáhùn. "Ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ jù."

Alápatà ì bá rẹ́rìn-ín, àmọ́ táyà bárò gun òkúta lákòókò náà gan-an.

Obìnrin ọ̀dọ́ kan tó wọ awò ojú ni dókítà tó bá wọn sọ̀rọ̀. Ó gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ dì í lápá, ó wo nọ́ńbà tó jáde, ó tún un ṣe bí ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru. Ó wá fa àga súnmọ́ ọn.

"Bàbá, kí lẹ jẹ lánàá?"

"Oúnjẹ ni."

"Irú oúnjẹ wo?"

"Ẹran."

"Kí lẹ fi jẹ ẹ́?"

Ó ronú díẹ̀. "Ẹran."

Dókítà ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó wọ̀ ọ́ padà, ó ṣàlàyé fún un. Ó ní nǹkan kan wà nínú ẹran, ó sì pọ̀ jù lọ nínú ẹdọ̀ àti kíndìnrín, tó jẹ́ pé bó bá dénú ara ènìyàn, oró ló ń dà. Kíndìnrín ẹni ló yẹ kó máa sẹ́ ẹ, ká sì fi ìtọ̀ dà á nù. Bó bá ti pọ̀ ju agbára kíndìnrín lọ, á dì bí iyọ̀ wẹ́wẹ́ tẹ́nu rẹ̀ mú ṣóńṣó, á sì lọ sá pamọ́ sí oríkèé.

"Kí ló wá dé tó jẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀?"

"Ibẹ̀ ló tutù jù. Ibi tútù ló sì máa ń fẹ́ dì sí. Èmi á fún yín lóògùn, ẹ ó máa mu omi dáadáa. Àmọ́ ẹdọ̀ àti kíndìnrín, ẹ dágbére fún wọn. Ẹran pupa, ó di ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ sì ni. Ẹ̀wà wà, ẹyin wà, ẹ̀fọ́ wà, olú wà."

"Dókítà, ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti ń ra ẹran. Ẹ máa ń fi eegun kún un."

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Wíwú náà fà, ìrora lọ, bàbá padà sí ìsọ̀. Ohun tó wá ń dùn ún ju ẹsẹ̀ lọ ni ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ. Ta ni yóò ra bàtà lọ́wọ́ aṣebàtà tó ń fẹsẹ̀ lásán rìn? Bí ayé bá gbọ́ pé wọ́n ti fòfin de ẹran fún alápatà, wọn ò ní sọ pé àìsàn ló fà á. Wọ́n á ní ó mọ ohun tó rí lára ẹran ọ̀hún. Ó bá bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó má ṣe jẹ́ kí ẹyẹ kan gbọ́.

Ìyàwó rẹ̀ gbà tayọ̀tayọ̀. Obìnrin kan wà ní òpópónà kejì tó ń gbin olú sínú yàrá tó ṣókùnkùn, nínú àpò tó kún fún lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n rẹ́. Aránṣọ ra olú lọ́wọ́ rẹ̀, ó gé e ní gígé ẹran, ó fi ata àti àlùbọ́sà dín in títí ó fi dúdú léteetí. Ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Olú ni."

"Olú wo?"

"Olú tó ń hù, Bàbá wọn. Ẹ jẹun."

Ó fi ẹyọ kan sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí ń jẹ ẹjọ́. Ó dúró. Ó tún jẹ. Ó gbójú sókè wo àjà, ó mú ẹyọ kejì.

"Ó ń gbìyànjú," ó ní.

Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀sán bá pọ́n, á gun àga gíga rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, á sì máa jẹ olú lójú gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó fura. Bó ṣe ń pẹ́ ni ikùn rẹ̀ ń wọlé, ojú rẹ̀ ń mọ́, tó sì ń gun àtẹ̀gùn láìmí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn oníbàárà ń wò ó, wọ́n ń ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wo ara ọkùnrin! Ẹran yìí dáa o!" Wọ́n sì ń rà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹnìkan bá béèrè ibi tó ń jẹ lára màlúù, á ní, "Ibi rírọ̀ kan báyìí ni," á sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Onígbàjámọ̀ ló tú àṣírí. Dígí ńlá kan wà níwájú àga tó fi ń gẹrun, inú dígí náà ló sì ti ń wo òpópónà; ó lè máa fá orí ẹnìkan kó sì mọ ẹni tó wọ ilé ẹlòmíì. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti máa ń sọdá lọ́sàn-án láti mú ẹyọ ẹran kan nínú abọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í sì í ṣahun. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọjọ́ mélòó kan yìí, bó bá ti yọ, alápatà á fi ìdérí bo abọ́.

"Ṣé èmi lo ń bò ó fún?" onígbàjámọ̀ ní.

"Ìwọ kọ́. Eṣinṣin ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ̀ ọ́ létí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oníbàárà kan pe alápatà wọlé síbi fìríìjì ńlá, onígbàjámọ̀ fi ẹni tó ń fá lórí sílẹ̀ ní fífá apá kan, ó sọdá, ó ṣí abọ́, ó ju ẹyọ kan sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́. Kò rí iṣan, kò rí ọ̀rá, kò sí ohun tó ha sí i léyín. Ó dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí lójú. Ó ti dá a mọ̀: olú ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ wọn dàgbà.

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé abẹ. Ó ní, "Mi ò fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni o."

Bí a bá ti gbọ́ irú gbólóhùn yẹn, ká yáa fa àga. Ẹni tí wọ́n fá lórí lápá kan ló kọ́kọ́ gbé e jáde. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ni pé alápatà ń jẹ olú. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, ó ti di pé kì í jẹ ẹran ara rẹ̀. Nígbà tó kọjá lọ́dọ̀ afọṣọ, ẹran náà ti ní àrùn. Kó tó dé ìdí ẹ̀rọ omi, alápatà ti jẹ ẹ́, ó ti kú, ìyàwó rẹ̀ ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin kan tó wá kẹ́dùn bá olóògbé níbi tó ti ń pọ́n ọ̀bẹ. Ó fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ sá lọ.

Ẹran gbé lórí ìkọ́. Fáànù ń fẹ́ sí òfo. Nígbà tó di ìyálẹ̀ta, Ìyá Olóúnjẹ dé. Obìnrin yìí ló ni ilé oúnjẹ tó wà nítòsí ibùdókọ̀, òun sì ni oníbàárà tó tóbi jù lọ. Ó dúró níwájú ìsọ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbá ìbàdí mú, èrò sì ti pé lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹran-ló-kù, ènìyàn ni mò ń fún lóúnjẹ, kì í ṣe ajá. Tí ẹran yín bá dára, ẹ jẹ ẹ́ lójú mi."

Òtítọ́ wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà. Ó kù díẹ̀ kó sọ ọ́. Àmọ́ ojú tì í, a ò sì ní purọ́, ìtìjú nìkan kọ́: ó ti pẹ́ gan-an tí ẹdọ̀ ti kan ahọ́n rẹ̀ kẹ́yìn. Ó bá gbé sítóòfù síta, ó gé ẹdọ̀ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ó dà á sínú epo gbígbóná. Òórùn náà gbé e lókè ilẹ̀. Ó jẹ ẹyọ àkọ́kọ́ nítorí Ìyá Olóúnjẹ. Ó jẹ ìkejì nítorí àwọn tó dúró lẹ́yìn tí wọn ò rí ti àkọ́kọ́. Ó jẹ ìyókù nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Nígbà tó fi búrẹ́dì nu ìsàlẹ̀ àwo, àwọn èrò pàtẹ́wọ́, wọ́n ra ẹran tán pátá títí kan eegun.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àtàǹpàkò méjèèjì ló wú, orúnkún kan sì bá wọn dá sí i. Onígbàjámọ̀ tún gbé bárò. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó pàtẹ́wọ́ lánàá ló kún oríta, wọ́n rí i bó ṣe ń bọ̀, ẹsẹ̀ méjì lókè.

"Háà! Ẹran ti pa á!" ẹnìkan ké. Àwọn míì gbá àyà mú. Ìyá Olóúnjẹ tó ti sè é fún àwọn awakọ̀ láàárọ̀ di orí rẹ̀ mú.

Alápatà gbé apá ró nínú bárò. "Ẹ dákẹ́! Ẹran ò ní àrùn. Èmi ni mo ní àrùn ẹran! Ohun tó yẹ kí odidi òpópónà jẹ, èmi nìkan ń jẹ ẹ́ láti ogún ọdún wá. Dókítà ní kí n sinmi, mo lọ ń jẹ olú ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ máa rà á, àmọ́ kẹ́ ẹ má ṣe bíi tèmi!"



"Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ bẹ́ẹ̀ lánàá?" Ìyá Olóúnjẹ béèrè.

"Ẹdọ̀ ò jẹ́."

Ẹ̀rín ló tú wọn ká. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, dókítà nìkan ló fajúro. Ó ní ta ló fipá mú un jẹ ẹdọ̀, alápatà sì dáhùn pé àwùjọ ni.

Ìyàwó rẹ̀ rò ó pé bí ọkùnrin yìí bá wà nítòsí ìsọ̀, kò ní wò sàn bọ̀rọ̀. Ó bá ní kí alápatà lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Opó ni ẹ̀gbọ́n yìí, oko ẹ̀fọ́ ló ń ṣe lẹ́bàá odò tó ṣàn gba ẹ̀yìn ibi tí àwọn alápatà ti ń pa ẹran wá, ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n tẹ́ ibùsùn fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi ń fa òórùn kan símú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ń rùn báyìí?"

"Ìwọ ni."

Ó gbé apá, ó gbóòórùn abíyá rẹ̀. "Mo wẹ̀ láàárọ̀."

"Kì í ṣe ara rẹ. Iṣẹ́ rẹ." Ó na ọwọ́ sí odò.

Alápatà yọrí lójú fèrèsé. Ó mọ odò náà láti kékeré. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ní òkè lọ́hùn-ún, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń da ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ inú ìfun sí i, wọ́n á rọ omi tẹ̀ lé e, wọ́n á sì gbàgbé. Kò tíì sí ọjọ́ kan tó bá omi náà rìn débi tó ń lọ.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Mo sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá. O gé ìhà kan fún mi, o ní kí n lọ sè é."

"Ṣé ẹ sè é?"

"Mo sè é. Ó dùn. Omi ṣì ń rùn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò sì tíì ṣe tán. Ó fi òkè kan hàn án ní ìhà kejì odò, òkè pupa tó là káàkiri. "Ṣé o rántí pé igbó ni ibẹ̀? Àwa méjèèjì ti sọnù níbẹ̀ rí, wọ́n ń fi igbe wá wa. Nígbà tí gbogbo ayé ní ẹran làwọn ń jẹ, wọ́n gé igi kí màlúù lè rí koríko jẹ. Màlúù jẹ koríko tán, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ilẹ̀. Rédíò tilẹ̀ ní gígùnfẹ̀ màlúù ń dá kún ooru tó ń mú ayé."

Alápatà rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ fi ta á. "Ẹ̀gbọ́n, gígùnfẹ̀? Tó bá jẹ́ gígùnfẹ̀ ni, èmi nìkan tó mú àdúgbò jóná."

Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín, ó nu ojú rẹ̀. "Màlúù kan kọ́, màlúù gbogbo ayé ni. Èyí tó gùn jáde kò sì ní ibi tó ń lọ ju òkè orí wa lọ."

Ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pa ẹran ló wá fojú ara rẹ̀ rí i. Omi kọ́kọ́ dé ní àwọ̀ irin tó dípẹtà, ìfófòó tẹ̀ lé e, eṣinṣin tẹ̀ lé ìfófòó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní pẹ́pẹ́yẹ kan tó máa ń lọ wẹ̀ láàárọ̀. Pẹ́pẹ́yẹ náà jùdí lọ dé etí odò, ó na ọrùn wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì, ó yí ẹ̀yìn padà, ó lọ jókòó sínú ọpọ́n ìfọṣọ. Alápatà tí kò rò ó rí pé ẹyẹ lè dójú ti òun, ojú pẹ́pẹ́yẹ tì í. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé kèrègbè, ó gba ọ̀nà òkè lọ pọnmi ní ibi jíjìn. Àbúrò rẹ̀ ń wò ó bó ṣe ń lọ, kò sì lè dìde bá a gbé e.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ síbi ìpẹran. Ó ní kí àwọn gbẹ́ kòtò, kí àwọn má da nǹkan sódò mọ́. Alápatà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dàgbà jù nínú wọn wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ṣé àtàǹpàkò ló wú ọ ni, àbí orí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tú ká. Ó bá gbé ṣọ́bìrì, ó bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kòtò àkọ́kọ́ ò dára. Òjò kún un, ó di adágún, ó rùn ju odò lọ, àwọn ará ilé tó wà nítòsí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ti òun alára sínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá kọ́ ọ pé ibi gíga tí ó jìnnà sí omi ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ sí, bí wọ́n bá sì da ìgbẹ́ ìfun kan sí i, kí wọ́n bò ó. Lẹ́búlẹ́bú igi tí obìnrin olólú ti lò tán ni wọ́n fi ń bò ó. Nígbà tó jẹrà tán, ó di ilẹ̀ dúdú kan tí kò rùn mọ́, ẹ̀gbọ́n kó o lọ sí oko ẹ̀fọ́.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń wò ó bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ìyá Olóúnjẹ ló yanjú rẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá lo kòtò, òun ò ní ra ẹran rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ṣọ́bìrì wọ́n ní ọjà. Alápatà tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ṣì ń da tirẹ̀ sódò, ṣùgbọ́n ó ti ń wẹ̀yìn kó tó dà á. Nítorí náà odò ò tíì mọ́ bí ìgbà èwe wọn. Àwọn ọjọ́ kan wà tí pẹ́pẹ́yẹ ń wọ̀ ọ́, àwọn ọjọ́ kan wà tó ń padà.

Ìsọ̀ náà yí padà díẹ̀. Ẹran tó ń pa dín kù gan-an, ẹ̀wà àti olú sì gba apá kan nínú tábìlì. Bí oníbàárà bá ní kó gé ẹran ńlá, á ní, "Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nílé?" Bí wọ́n bá ní mẹ́ta, á gé ti ẹni mẹ́ta. Onígbàjámọ̀ ní òun ò rí ọlọ́jà tó ń bá ọjà ara rẹ̀ jà rí, àmọ́ òun náà ti ń sọdá lọ́sàn-án wá mú olú, wọn kì í sì í fi ìdérí bo abọ́ mọ́.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé, títí di ọ̀sán kan tí alápatà gbàgbé kọ́kọ́rọ́ fìríìjì sílé. Ó padà lọ mú un. Bó ṣe wọlé, kò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ. Òórùn kan ló gbọ́. Ó tẹ̀ lé òórùn náà kọjá pálọ̀, ó ṣí aṣọ ẹnu ọ̀nà, ó bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn òkìtì aṣọ oníbàárà, ó gbé àwo lé ẹsẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan sì ga ju èkejì lọ.

"Ìyá wọn!"

Ó gbé e mì. "Olú ni."

Alápatà bẹ̀rẹ̀ wo inú àwo, ó fà á símú. "Láti kékeré ni mo ti ń pa màlúù. Olú yìí níwo."

Ìyàwó rẹ̀ gbé àwo sílẹ̀. Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́. "Bàbá wọn, àtàǹpàkò yín ló wú, tèmi ò wú. Bẹ́ ẹ ṣe ń jẹ olú lèmi náà ń jẹ ẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ó ti sú mi. Díẹ̀ ni mo sè."

"Èmi ò bá ọ jà. Àmọ́ ẹran mi kọ́ nìyí, mo mọ gígé mi. Ibo lo ti rà á?"

Ìyàwó rẹ̀ fi ìka nu ètè.

"Ìyá wọn, ibo?"

"Lọ́wọ́ bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn."

Alápatà jókòó sórí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Nínú gbogbo ohun tí àìsàn yìí ti fojú rẹ̀ rí, kò sí èyí tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀. "Ìyàwó mi. Lọ́wọ́ ẹni tó ń da ìfun sódò."

"Tí mo bá wá sọ́dọ̀ yín, ẹ ó bi mí pé àwa mélòó la wà nílé."

Alápatà bú sẹ́rìn-ín, ìyàwó rẹ̀ sì dara pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí oníbàárà kan tó wá gba aṣọ rẹ̀ fi kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì láìrí ẹni dá a lóhùn.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, kó tó ṣí ìsọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ó yan ibi tó dára lára itan, ó gé e, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n fún ìyàwó rẹ̀. Ó wò ó, ó ní ó ti pọ̀ jù, ó gé díẹ̀ kúrò. Ó tún wò ó, ó rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì, ó dá èyí tó gé kúrò padà, ó fi bébà wé e.